Core Púpọ̀ àbí Core Tó Yára? Ìfiwéra Fún Ẹni Tó Ń Sáré Mọ́tò Lórí Kọ̀ǹpútà

Bí géèmù ìsáré ọkọ̀ bá ń fà lórí láptọ́ọ̀pù ọmọ ilé-ìwé gíga kan ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ọ̀yẹ́, ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ẹnì kan á ní kó lọ ṣí gbogbo core sílẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀ka inú prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó ń dá ṣiṣẹ́. Òmíràn á ní kó pa Hyper-Threading, tó ń mú kí core kan hàn bíi méjì. Ẹnì kẹta á ní kó yọ core àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún Windows, kí géèmù máa lo ìyókù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè bá ẹ̀rọ kan náà mu. Mo fẹ́ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí n sì sọ èyí tó yẹ irú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa níbí: láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì tó jẹ́ tokunbo, kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè ti lò tán, àti ẹ̀rọ tuntun díẹ̀ tí àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn ń rà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí látìbẹ̀rẹ̀. Core kan tàbí méjì tó yára, tí ooru kì í mú rẹ̀wẹ̀sì, ni géèmù ìsáré ọkọ̀ ń béèrè. Iye core kì í jọ ọ́ lójú. Ètò core kì í sì í sábà fi kún ìpíndọ́gba fíréèmù, ìyẹn àwọn àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà tẹ̀lé ara wọn. Àwọn fíréèmù tó burú jù ló máa ń tún ṣe, ìyẹn nìkan sì tó ìdí láti fọwọ́ kàn án.

Fíréèmù tó burú jù

FPS, ìyẹn iye fíréèmù tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni gbogbo èèyàn ń wò. Ó máa ń tan ni. Ní FPS 60, fíréèmù kọ̀ọ̀kan ń gba ìdá 16.7 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí wọ́n ń kọ báyìí: 16.7 ms. Mọ́tò tó ń sáré 200 km ní wákàtí kan ń rin bíi mítà 55 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kò tíì rìn tó mítà kan tí àwòrán tuntun á fi dé. Àmọ́ bí fíréèmù kan ṣoṣo bá pẹ́ tó 50 ms, mọ́tò yín ti rin mítà 2.8 láìjẹ́ pé ẹ rí nǹkan kan. Bó bá ṣẹlẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹ ti tẹ bíréékì, inú koríko lẹ máa bá ara yín. Bí eré bá parí, ìpíndọ́gba FPS ṣì lè wà ní 58, kó máa ṣe bí ẹni pé òun ò mọ nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo ohun tí wọ́n ń pè ní 1% low, tó ń sọ bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fíréèmù, àwọn tó lọ́ra jù, ṣe ṣe sí. MSI Afterburner pẹ̀lú RivaTuner máa gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni. CapFrameX náà dára fún ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè fi ti àná wé ti òní.

Ohun tí prósẹ́sọ̀ ń ṣe nígbà tí ẹ ń yà ní kọ́nà

Iṣẹ́ ńlá méjì ló ń ṣe. Àkọ́kọ́ ni ìṣirò mọ́tò fúnra rẹ̀: bí táyà ṣe di ilẹ̀ mú, bí sípíríǹgì ṣe tẹ̀, ibi tí ìwúwo ọkọ̀ wọ́ sí nígbà tí ẹ fẹsẹ̀ lé bíréékì. Assetto Corsa, tí Kunos Simulazioni ti Ítálì gbé jáde ní 2014, ń ṣe ìṣirò yìí ní ìgbà 333 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àbúrò rẹ̀, Assetto Corsa Competizione ti 2019, ń ṣe é ní ìgbà 400. BeamNG.drive, tí irin mọ́tò ti máa ń wó, tó ń ká, tó ń fà ya lójú yín, ń ṣe tiẹ̀ ní ìgbà 2000. Ìṣirò yìí kì í dúró de àwòrán. Yálà FPS yín jẹ́ 30 tàbí 144, iye ìgbà tí wọ́n ń ṣírò táyà kò yí padà, gbogbo mọ́tò tí kọ̀ǹpútà ń wà lórí pápá ló sì ní ìṣirò tirẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni títo ohun tí GPU, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán, máa yà. Mọ́tò kan, igi kan, òjìji kan, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kan: prósẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sí GPU lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì tí ẹ fi ń wẹ̀yìn burú jù, nítorí pápá náà ni wọ́n tún ń tò lẹ́ẹ̀kan sí i láti ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ géèmù ìsáré ọkọ̀, thread kan ṣoṣo, ìyẹn ìlà iṣẹ́ kan tí core kan ṣoṣo ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú títò yìí. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé tírélà gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè rí mọ̀ pé bó ti wù kí mọ́tò ẹ̀yìn lágbára tó, ìrìn tírélà náà ni gbogbo wọn máa rìn. Thread yẹn ni tírélà wa. Core mẹ́jọ, core mẹ́rìnlá, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn máa tò sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń fà yín sẹ́yìn

Ẹ yan Spa-Francorchamps, pápá Bẹ́ljíọ̀mù tó jẹ́ kìlómítà 7. Ẹ kó mọ́tò kọ̀ǹpútà 19 sí i, kí tiyín wà lẹ́yìn pátápátá. Láti ìgbà tí iná ìbẹ̀rẹ̀ bá kú títí ẹ ó fi yà ní La Source, gbogbo mọ́tò ló wà níwájú yín lójú kan náà. Prósẹ́sọ̀ kì í níṣẹ́ ju ìgbà yẹn lọ. Ẹ ka FPS ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dín resolution (iye àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) kù láti 1920×1080 sí 1280×720, kí ẹ tún eré náà bẹ̀rẹ̀.

Bí FPS kò bá yí padà, prósẹ́sọ̀ ló ń fà yín. Bó bá fò sókè dáadáa, GPU ni, kò sì sí ètò core kan tó máa gbà yín. Òjìji àti resolution ni kí ẹ lọ bá wí. Àyàfi láptọ́ọ̀pù tí GPU rẹ̀ ń gbé inú prósẹ́sọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹn yàtọ̀, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí kò dára láti fi mọ̀ ọ́n, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ọmọ kan láti EKSU gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ síwájú mi, ó nàka sí Task Manager. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, 30% péré ló kọ síbẹ̀. Prósẹ́sọ̀ ò tíì ṣiṣẹ́ dé ìdajì, báwo lẹ ṣe wá ní òun ló ń fà?" Mo ní kó fi apá ọ̀tún máùsì tẹ àwòrán náà, kó yan "Logical processors". Àpótí mẹ́jọ yọ. Méjì nínú wọn ń gùn sókè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́fà ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí thread kan bá gba gbogbo agbára ibi kan nínú mẹ́jọ, 12.5% ni Task Manager máa kọ. Nítorí náà, prósẹ́sọ̀ lè wà ní 30% kí tírélà inú rẹ̀ ti dé òpin agbára. Windows tún máa ń ṣí thread kan náà nípò láti core kan sí òmíràn, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ rí àpótí kan tó kún dẹ́nu. Assetto Corsa ṣe wá lóore níbí: bí ìṣirò mọ́tò kò bá rí àyè tó, ó máa ń kọ ìkìlọ̀ "CPU occupancy > 99%" sójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí i, ẹ dín iye mọ́tò kọ̀ǹpútà kù kí ẹ tó ronú kan ètò kankan.

Hyper-Threading: kó wà, àbí ká pa á?

Láti 2002 ni Intel ti ń ta Hyper-Threading. AMD ń pe tirẹ̀ ní SMT, ó sì wà nínú Ryzen láti 2017. Ó ń mú kí core kan hàn bíi méjì sí Windows. Ohun èlò inú core náà kò di méjì. Thread méjì ló kàn ń pín in lò, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí èkejì ń dúró de mẹ́mórì.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án ni pé thread ńlá géèmù lè bá thread áàpù mìíràn jókòó lórí core kan náà, kó má rí gbogbo agbára lò. Òótọ́ ni pé ó lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ Windows mọ ìyàtọ̀ láàárín core gidi àti ìkejì rẹ̀, ó sì máa ń kún àwọn core gidi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n ní méjì-méjì.

Lórí prósẹ́sọ̀ i5-6300U, tó ní core 2 àti thread 4, ẹ má pa á láéláé. Ohùn géèmù, ìṣirò mọ́tò, títo àwòrán àti Windows fúnra rẹ̀ máa wá há sórí méjì péré, sitíárìn á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín níbi tí kò yẹ kó gbọ̀n. Lórí i7-4790, core 4 àti thread 8, ó tó dán wò, pàápàá bó bá jẹ́ Assetto Corsa àtijọ́ lẹ ń ṣe. Bí 1% low bá gòkè, ẹ fi í bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní core 6 sókè kì í fi ìyàtọ̀ tó tó nǹkan hàn, yálà ẹ pa á tàbí ẹ tàn án, mi ò sì rí ìdí tí èèyàn á fi máa wọ BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tàn, torí rẹ̀. Àwọn i5 orí tábìlì ti ìgbà yẹn, irú i5-4590, kò tiẹ̀ ní i rárá.

Inú BIOS ni wọ́n ti ń pa á. Dell Latitude kó o sábẹ́ "Performance" lórí ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì. Láptọ́ọ̀pù mìíràn kò fún yín láyè. Bí ẹ bá wá a tí ẹ kò rí i, ẹ fi sílẹ̀, kò sí ohun tí ẹ pàdánù.

Yíyọ core fún Windows: Set affinity

Ọ̀nà rẹ̀ nìyí: Task Manager, "Details", ẹ fi apá ọ̀tún máùsì tẹ orúkọ géèmù (acs.exe ni ti Assetto Corsa), ẹ yan "Set affinity", kí ẹ yọ àmì kúrò lára CPU 0. Ìrònú àwọn tó ń ṣe é ni pé CPU 0 ni Windows fẹ́ràn jù, nítorí náà kí géèmù jìnnà sí i.

Ẹ wo ohun tí ẹ ń san. Lórí ẹ̀rọ core 4, bí ẹ bá yọ CPU 0 àti CPU 1 tó jẹ́ ìkejì rẹ̀, ẹ ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin agbára lọ́wọ́ géèmù. Lórí ẹ̀rọ core 2, ìdajì ni. Lórí core 8, owó kékeré ni. Ẹni tó bá ń sáré tó tún ń gba fídíò eré rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú OBS lórí ẹ̀rọ core 8 lè jèrè lára rẹ̀. Ẹlòmíràn, mi ò gbà á nímọ̀ràn. Ẹ pa Chrome, ẹ dá ìgbàsílẹ̀ OneDrive àti Windows Update dúró kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí affinity fẹ́ ṣe lẹ ti ṣe yẹn, láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ géèmù. Bí ẹ bá sì ṣe affinity, ẹ rántí pé ó máa parẹ́ ní kété tí ẹ bá pa géèmù. Áàpù Process Lasso ló lè bá yín rántí rẹ̀.

"Priority" wà nítòsí ibẹ̀. "High" kò burú. "Realtime" lè mú kí máùsì, sitíárìn àti ohùn dúró gbọnrangandan. Ẹ má dé ibẹ̀.

Core ńlá àti core kékeré

Láti ìparí 2021 ni Intel ti ń kó oríṣi core méjì sínú prósẹ́sọ̀ kan: P-core tó yára, àti E-core tó ń fi iná pamọ́. Àwọn ọlọ́jà ti rí ọ̀nà jẹun níbẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé i5-1235U ní core 10. Ó ní 10 lóòótọ́. 2 péré ló jẹ́ ńlá, 8 jẹ́ kékeré. i5-1135G7 tó ṣáájú rẹ̀ ní core 4, gbogbo wọn sì jẹ́ ńlá. P-core inú 1235U yára ju ti 1135G7 lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà fún géèmù tí thread kan ń gbé èyí tó pọ̀ jù, 1235U ò burú. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni san owó lé e lórí torí nọ́ḿbà 10.

Ní ti ètò rẹ̀, Windows lẹ máa wò. Windows 11 ń gbọ́ràn sí Thread Director, ẹ̀yà inú prósẹ́sọ̀ tó ń sọ fún un irú iṣẹ́ tí thread kọ̀ọ̀kan ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Windows 10 kì í lò ó. Ó lè sọ thread ńlá géèmù sórí E-core kó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó sì rí i bíi fíréèmù tó kọsẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ wà lórí Windows 10 pẹ̀lú irú prósẹ́sọ̀ yìí, níbẹ̀ ni affinity ti wúlò: lórí i5-1235U, CPU 0 sí CPU 3 ni P-core, ìyókù ni E-core. Bí thread mẹ́rin yẹn kò bá tó géèmù, ẹ fi E-core méjì kún un. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, BIOS ń fúnni láyè láti pa àwọn E-core pátápátá. Àwọn géèmù tó ti pẹ́ nìkan ni mo lè ṣe é fún.

Turbo: ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí fún oníláptọ́ọ̀pù

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ Sátidé kan tún láptọ́ọ̀pù yín ṣe, ibí ni kí ẹ lò ó sí.

Prósẹ́sọ̀ onílẹ́tà U, tó wà nínú púpọ̀ jù lọ tokunbo láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, ni wọ́n ṣe fún agbára 15 W. Àwọn core ń jẹ nínú rẹ̀, GPU inú prósẹ́sọ̀ náà ń jẹ nínú rẹ̀. Bí géèmù bá bẹ̀rẹ̀, àwọn core á fò lọ sí turbo, ìyára àfikún tó ju ìyára ìpìlẹ̀ wọn lọ, wọ́n á jẹ èyí tó pọ̀ jù, GPU á máa wá ohun tó ṣẹ́kù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru á dé. Nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí eruku ọyẹ́ ti dí ẹnu fáànù, ó tètè ń dé. Prósẹ́sọ̀ á já ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti tutù, á tún gòkè, á tún já. Ohun tí ẹni tó di sitíárìn mú ń rí ni FPS tó dára ní ìyípo àkọ́kọ́, tó wá ń lọ sókè-sódò láti ìyípo kẹta. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò kankan, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbá eruku fáànù dànù, kí wọ́n pààrọ̀ thermal paste, ohun tó ń gbé ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ká wá ṣe ìfiwéra.

Ìmọ̀ràn tó gbajúmọ̀ ni 99%: Control Panel, Power Options, ètò onípele gíga, "Processor power management", kí ẹ gbé "Maximum processor state" sí 99%. Ìdá kan péré lẹ rò pé ẹ yọ. Ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń pa turbo, prósẹ́sọ̀ á sì dúró ní ìyára ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo bí iye rẹ̀ ṣe yàtọ̀:

| Prósẹ́sọ̀ | Core / thread | Ìyára ìpìlẹ̀ | Turbo tó ga jù |
|---|---|---|---|
| i5-6300U | 2 / 4 | 2.4 GHz | 3.0 GHz |
| i5-8250U | 4 / 8 | 1.6 GHz | 3.4 GHz |
| i5-8350U | 4 / 8 | 1.7 GHz | 3.6 GHz |

Ẹni tó ní 6300U pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún, ó sì gba ẹ̀rọ tó tutù àti FPS tó dúró sójú kan. Mo lè bá a lọ síbẹ̀. Ẹni tó ní 8250U pàdánù ju ìdajì lọ. Thread ńlá yẹn, tírélà yẹn, ló ti dín ìrìn rẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á tutù bíi omi, géèmù á sì máa wọ́. Ìmọ̀ràn kan náà, ẹ̀rọ méjì, èsì òdìkejì; ibẹ̀ ni àwọn tó ń pín ìmọ̀ràn yìí kiri ti ń ṣi ọ̀nà.

Ọ̀nà àárín wà, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìfiwéra yìí. Windows gbà yín láyè láti yan òkè tí prósẹ́sọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, ní MHz. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ tẹ èyí:

```
powercfg /setacvalueindex scheme_current sub_processor PROCFREQMAX 2600
powercfg /setactive scheme_current
```

Lórí 8250U, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 2600. Ẹ sáré fún ogún ìṣẹ́jú, kí HWiNFO, áàpù tó ń wo ooru àti ìyára prósẹ́sọ̀, máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bó bá kọ ọ́ pé ooru ṣì ń já prósẹ́sọ̀ bọ́, ẹ sọ ọ́ di 2400. Bí kò bá kọ nǹkan kan, ẹ gbé e sí 2800. Ibi tí ẹ ń wá ni nọ́ḿbà tó ga jù tí ẹ̀rọ náà lè dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú òkè náà kúrò, ẹ fi 0 rọ́pò nọ́ḿbà náà.

Ìgbà mìíràn wà tí FPS gan-an á gòkè nígbà tí ẹ bá dín prósẹ́sọ̀ kù, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Bí GPU bá wà nínú prósẹ́sọ̀, tí ìdánwò Spa wa sì fi hàn pé GPU ló ń fà, agbára tí àwọn core kò jẹ mọ́ ni GPU ń gbà. Bó bá jẹ́ pé prósẹ́sọ̀ ló ń fà, tí ẹ̀rọ kò sì gbóná, ẹ jẹ́ kí turbo wà ní gbogbo agbára rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá tú ẹ̀rọ náà, ẹ wo RAM, ìyẹn mẹ́mórì. GPU inú prósẹ́sọ̀ ń lo RAM kọ̀ǹpútà bí ẹni pé tirẹ̀ ni, nítorí náà 4 GB méjì sàn fún un ju 8 GB kan ṣoṣo lọ. Lórí i5-1135G7, ẹ lè fojú rí i: bí RAM bá jẹ́ ẹyọ kan, Windows á pe GPU náà ní UHD Graphics, bí ẹ bá fi ìkejì sí i, orúkọ rẹ̀ á di Iris Xe. Èyí kì í ṣe ètò core, mo mọ̀. Síbẹ̀, ó máa ń ṣe ju gbogbo ètò core inú ojú ìwé yìí lọ.

Àwọn kéékèèké

"Balanced" àbí "High performance"? Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, High performance, kó má baà máa ti core sùn láàárín eré. Lórí láptọ́ọ̀pù, Balanced.

msconfig, "Number of processors", tí wọ́n ní kí ẹ yan èyí tó pọ̀ jù kí "gbogbo core lè ṣí"? Gbogbo rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí látilẹ̀. Àpótí yẹn wà fún ẹni tó fẹ́ dín in kù láti wá àléébù. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Nínú àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tokunbo, oríṣi méjì ló máa ń dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ ńlá tó ní Xeon E5-2680 v4 ti 2016: core 14, thread 28, turbo 3.3 GHz. Èkejì ni OptiPlex lásán, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì Dell, tó ní i7-4790 ti 2014: core 4, thread 8, turbo 4.0 GHz. Olùtajà á máa lu Xeon lórí. Fún Assetto Corsa àti Competizione, i7-4790 ni màá gbé lọ sílé. Fún BeamNG.drive, màá yí ọkàn padà: géèmù yẹn ń fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní thread tirẹ̀ fún ìṣirò, ẹni tó bá sì fẹ́ kó mọ́tò mẹ́wàá lu ara wọn máa rí iṣẹ́ fún core 14 yẹn. Ẹni tó lè fi owó kún un kó ra i5-12400F, core 6 tó ń dé 4.4 GHz, ti kúrò nínú àríyànjiyàn yìí. Gbogbo core rẹ̀ jẹ́ ńlá, kò sí E-core tó máa da ọkàn rẹ̀ láàmú.

Ẹni tí owó kì í ṣe ìṣòro rẹ̀, kó wá AMD tí orúkọ rẹ̀ parí sí X3D. Ryzen 7 5800X3D, tó jáde ní 2022, ní L3 cache (mẹ́mórì inú prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀) 96 MB. 5800X tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní 32 MB. Turbo X3D kéré, 4.5 GHz sí 4.7 GHz, síbẹ̀ òun ló ń ṣíwájú nínú géèmù ìsáré ọkọ̀, nítorí pé thread ńlá náà ń rí ohun tó ń wá nítòsí, kò sì ní í máa rìn dé RAM ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ iná náà wọ̀ ọ́. Láptọ́ọ̀pù tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15 W kò ní ba sólà ilé yín lọ́kàn jẹ́. i7-4790 jẹ́ 84 W. Bí ẹ bá fi GTX 1650, tó jẹ́ 75 W, kún un, ó di 159 W kí a tó ka ojú kọ̀ǹpútà àti sitíárìn. Ẹni tí ínfátà rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sínú ìṣirò kó tó lọ sọ́jà.

Fún oníláptọ́ọ̀pù tó ń sáré lórí bátìrì nígbà tí iná bá lọ: àṣẹ tí mo kọ sókè yẹn, ìgbà tí ẹ bá so wáyà mọ́ iná nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ti bátìrì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ fi setdcvalueindex rọ́pò setacvalueindex, kí nọ́ḿbà rẹ̀ sì kéré sí ti àkọ́kọ́, bíi 2000. Kí ẹ tẹ ìlà kejì náà lẹ́yìn rẹ̀, torí láìsí i, Windows kò ní mú àyípadà náà lò.